Ọgbà Òdòdó tí Ọyẹ́ Kò Pa

Bí ẹ bá ya sí àdúgbò wa ní Alékúwodò, ní Òṣogbo, ilé tí òdòdó pupa yí ká ni ilé mi. Ẹ kò ní í ṣì í. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń dúró ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n á ní, "Màmá, ta ló ń bá yín tọ́jú ọgbà yìí?" Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọwọ́ mi méjèèjì yìí náà ni. N kò tíì rí ẹni tó mọ òdòdó pupa gbìn tó mi láti ibí títí dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n ti bí mi, bí ẹnìkan bá sì wà, kó jáde kí a jọ dán an wò.

Mo mọ̀ pé mo ń fọ́nnu. Ó ti wà lára mi tipẹ́. Ìfọ́nnu yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan ní Iléṣà nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, òun náà ló sì jẹ́ kí n lẹ́nu láti gbà á padà fún un. Nítorí náà, n kò rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ọkọ mi jẹ́ káfíńtà, ọmọ Òṣogbo bí èmi náà. Iṣẹ́ ló gbé e dé Iléṣà. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kan ń kọ́ ilé ìwé, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò kan òrùlé àti bẹ́ǹṣì fún wọn. Àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira nìyẹn, tí kòkó lówó lórí, ibi gbogbo tí ènìyàn bá yíjú sí ní Iléṣà ni wọ́n ti ń kan páànù tuntun. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa ni, a kò tíì bímọ. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú mi lérí, mo tẹ̀lé e. Alágbàfọ̀ ni mí, ibi tí aṣọ bá ti ń dọ̀tí ni oúnjẹ mi wà. Ìyá mi ń sunkún pé àwọn Ìjẹ̀ṣà yóò fi ojú mi rí màbo. Mo ní kó nu ojú rẹ̀, pé àwọn Ìjẹ̀ṣà ni kó bá kẹ́dùn.

Ilé oníyàrá méjì kan ni a rí gbà, lẹ́yìn agboolé ńlá kan. Obìnrin kan ló gbà wá sílé, àkọ́bí bàbá wọn. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kì í sábà sí nílé, oko kòkó ni wọ́n máa ń wà, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ni ilé àti ilẹ̀ wà. Ó ga, ó gbẹ, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, kò sí ọjọ́ ìsinmi tí kì í wé gèlè funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà èwe rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ ti ṣe òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ àwìn kiri, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà wọn, tí wọn kò sì ní í dìde títí ẹni náà yóò fi san án. Ọkọ náà ti kú. Gbogbo agboolé ló ń pè é ní Màmá, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó ti inú rẹ̀ jáde, n kò sì bi í.

Ọjọ́ tí a kó dé, ó pè mí sí ìta, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀ tó wà níwájú ilé náà.

"Ìyàwó Káfíńtà, gbin àgbàdo níbẹ̀. Gbin ilá, gbin tẹ̀tẹ̀, gbin ata. Ohun tó bá ti máa la ẹ̀ẹ̀rùn já, má fi kan ilẹ̀ wa. N kò fẹ́ kòkó, n kò fẹ́ obì, n kò fẹ́ ọsàn. N kò fẹ́ ugi kankan."

Èdè wọn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà. Ilé á di ulé, igi á di ugi. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ yé mi dáadáa, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nílé wa. Ẹni tí a bá yá ní ilẹ̀ lè gbin ohun tí yóò jẹ lọ́dún. Kò gbọ́dọ̀ gbin igi. Igi á dàgbà, ọmọ rẹ̀ á máa ká èso lórí rẹ̀, nígbà tó bá di ìran kejì, wọ́n á ní ilẹ̀ bàbá wọn ni. Màmá kò fi èyí pamọ́ fún mi. Ó ní bàbá òun gba àlejò kan sí oko nígbà kan, àlejò gbin obì, bàbá òun dákẹ́ nítorí ojú àánú. Nígbà tí bàbá náà kú, oko ti bá obì lọ. Èyí tó kù lẹ́yìn ilé yìí nìkan ni bàbá fi lé òun lọ́wọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, aṣọ ni mo ń fọ̀, n kì í ṣe àgbẹ̀." Mo sì fi ọkàn mi sọ ọ́.

Ewúrẹ́ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ewúrẹ́ agboolé yẹn kò mọ̀ pé ènìyàn lè ní nǹkan tirẹ̀. N óò sá aṣọ sórí okùn, ewúrẹ́ á fi ara nù ún. N óò tẹ́ èyí tó tóbi sórí koríko, àgùtàn á rìn lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òbúkọ kan jẹ apá ṣẹ́ẹ̀tì hẹ́dímásítà títí dé ìgbọ̀nwọ́, mo bú òbúkọ náà, mo bú ẹni tó ni í, mo sì sọ fún ọkọ mi pé kó wá ọ̀pá fún mi, mo fẹ́ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà.

Níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ọgbà òdòdó tó yí ọgbà ilé àlùfáà ká, wọ́n kó ẹ̀ka rẹ̀ jọ síbi tí wọ́n ti ń sun pàǹtí. Ọkọ mi ṣa àwọn tó gùn tó sì tọ́ níbẹ̀, ó dì wọ́n, ó gbé wọn wálé. Ọ̀pá lásán ni a pè é. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, ilẹ̀ rọ̀, mo fi wọ́n gúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú ilé, mo so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ wọn lára. Ewúrẹ́ dúró sí òdìkejì, wọ́n ń wò mí. Inú mi dùn.

Kí n tó mọ̀, imọ̀ ọ̀pẹ ti gbẹ, ó ti já bọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá ti rúwé. Ewé náà ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Mo fa ọ̀kan wò, kò tu. Ó ti ta gbòǹgbò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé omi jáde, mo rí òdòdó kan tó là, ó pupa, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó yọ ahọ́n síta láti àárín. Mo gbé omi sílẹ̀. Kí n má parọ́, ìfẹ́ rẹ̀ kó sí mi lórí lójú ẹsẹ̀. N kò tíì ní nǹkan kan tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ìwà rẹ̀. Àwọn tíṣà máa ń pè é ní haibísíkọ́ọ̀sì, èmi ń pè é ní òdòdó mi. Mo rí i pé ẹ̀ka tó ti le díẹ̀, tó nípọn tó ìka ọwọ́, ló ń mú. Èyí tó bá ṣì tutù minijọ á jẹrà. Ọ̀bẹ mímú ni kí a fi gé e, nísàlẹ̀ ibi tí ewé ti yọ, kí a ya ewé ìsàlẹ̀ dànù kí a sì dá méjì tàbí mẹ́ta sí lókè, kí a wá fi sínú ilẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá gé e lórí, á kàn máa ga ni, ìdí rẹ̀ á ṣí sílẹ̀, ewúrẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé. Bí a bá ń gé e lórí déédéé, á máa ya ẹ̀ka nísàlẹ̀, á dí pinpin. Omi tí mo fi ṣan aṣọ ni mo ń bu fún un, kì í ṣe èyí tó ní búlúù tí a fi ń mú aṣọ funfun tàn. Bí kòkòrò funfun bá bò ó, mo máa ń ku eérú sí i lára ní àárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lórí ewé. Mo ń sá aṣọ lé e lórí, aṣọ kò sì kan ilẹ̀ mọ́. Òdòdó rẹ̀ nìkan ni mo máa ń kọ́kọ́ já kúrò, nítorí bí ó bá fún sára aṣọ funfun, ó di wàhálà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń wá ṣa èyí tí mo já, wọ́n ń fi nu bàtà. Bàtà á dúdú, á máa kọ mọ̀nà.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé aṣọ wá, n óò mú un yí ọgbà náà ká. "Ẹ wò ó, tèmi nìyí. Èmi ni mo gbìn ín." Mo sọ ọ́ fún ìyàwó tíṣà, mo sọ ọ́ fún àwọn tó ń pọnmi, mo sọ ọ́ fún ọkùnrin olówó tó ń kọ́ ilé alájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹni tí wọ́n ní ó wa góòlù ní Ìpẹ́rìndó kó tó di oníkòkó. Òun tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó Káfíńtà, o ti ní ilẹ̀ ní Iléṣà nìyẹn." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Gbogbo àdúgbò wá ń pe ibẹ̀ ní ọgbà Ìyàwó Káfíńtà.

Màmá kò sọ nǹkan kan nígbà òjò. Kí ni kì í tutù nígbà òjò? Ó tilẹ̀ já díẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi kan. Nígbà tí kòkó pọ́n, ó lọ bá àwọn àbúrò rẹ̀ lóko láti bá wọn sá a, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Inú ọyẹ́ ló padà wá sílé. Ètè gbogbo wa ti là, koríko ti di pípọ́n, àgbàdo mi ti di pòròpórò, ilá mi ti gbẹ lórí ìdúró. Òdòdó mi nìkan ló dúró níwájú ilé, ewé rẹ̀ tutù, ó pupa kalẹ̀.

Màmá sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó wò ó títí.

"Ugi ni," ó ní.

"Màmá, òdòdó ni."

"Ó la ẹ̀ẹ̀rùn já. Ugi ni. Wú u."

Mo rò pé eré ni. Mo ní kó wò ó, kò so èso kankan, kí ni ọmọ mi yóò ká lórí rẹ̀ tí yóò fi ní ilẹ̀ di tòun? Ó ní òun kò bá mi ro ẹjọ́ èso. Ó ní kí òjò tó tún rọ̀, ọgbà náà á kúrò tàbí kí èmi àti ọkọ mi kúrò. Mo fi ìbínú wọlé, mo ń fi áyọ́ọ̀nù lu tábìlì.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Màmá ló wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó lóṣòó. Mo kí i, ó jẹ́ mi. Mo ní kó wá jókòó lórí àpótí, ó ní òun kò wá jókòó. Ó lóṣòó síbẹ̀ títí oòrùn fi mú, ó ń wo ọgbà náà. Mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà fún un, ó jẹ ẹ́, ó fọ àwo, ó dá a padà, ó tún lóṣòó. Àgbàlagbà tí ó ti fi òṣòó gba owó aṣọ láti Iléṣà dé ibi tí n kò mọ̀, ṣé ẹnu ọ̀nà mi ni yóò ti rẹ̀ ẹ́? Ní ọjọ́ kẹta, oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mo jẹ gbèsè. Ojú ń tì mí, ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi.

Ọkọ mi ní kí n wú u. "Òdòdó lásán! Ṣé torí òdòdó ni a ó ṣe padà sí Òṣogbo?" Òun kọ́ ló ń bu omi fún un, kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni kànga wà, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi mọ̀. Bí a bá jáde níbẹ̀, n óò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Síbẹ̀, mo mú àdá, mo dúró ti ọgbà náà, ọwọ́ mi kọ̀ láti gbé e sókè.

Ibi tí mo dúró sí yẹn ni mo ti wo apá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alájà tó ń gòkè. Pẹ̀rẹ́gún ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ni bàbá Màmá fi ṣe ààlà. Iná tí àwọn kan fi sun igbó ti jó o, àwọn lébìrà ọkùnrin olówó náà sì ti wú ìyókù dànù, wọ́n ń da iyanrìn wọn síbẹ̀. Kò sí ohun tó fi ibi tí ilẹ̀ Màmá parí sí hàn mọ́. Mo yíjú sí Màmá níbi tó lóṣòó sí. Ó rí i pé mo rí i.

Mo lọ lóṣòó tì í. Mo ní, "Màmá, ohun tó ń bà yín lẹ́rù ni pé ohun tí àlejò bá gbìn tí kò kú, á di ti àlejò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí onílé bá wá gbìn ín ńkọ́?"

Ó gbé ojú kúrò lára ọgbà, ó wò mí.

"Mo máa gé ẹ̀ka lára èyí. Ẹ ó fi ọwọ́ ara yín gbìn ín sí ojú ààlà, láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀rùn kò ní í pa á, iná kò sì ní í tètè mú un. Ohun tí kò kú á wá di tiyín."

Ewúrẹ́ kan kọjá, a jọ wò ó títí ó fi lọ. "Èyí tó wà níwájú ńkọ́?" ó ní.

"Ọjọ́ tí ẹ bá ní kí n wú u, n óò wú u. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ti ààlà mú ná. Ara ti iwájú ni a ó ti máa rí ẹ̀ka gé."

Màmá dìde, orúnkún rẹ̀ ró. "Ọmọ Òṣogbo," ó ní, "ẹnu rẹ yìí á pa ọ́ lọ́jọ́ kan." Àmọ́ kò padà wá lóṣòó mọ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo gé ẹ̀ka bí mo ti mọ̀ ọ́n gé, mo kó o sínú agbọ̀n, mo tẹ̀lé Màmá lọ sí ojú ààlà. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbẹ́ ihò, ó na ọwọ́, mo fún un ní ẹ̀ka kan. Ó tún na ọwọ́. Mo rò pé ti àkọ́kọ́ kò dára, mo fún un ní òmíràn. Ó fi méjèèjì sínú ihò kan náà, ó tẹ ilẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

"Màmá, ọ̀kan tó!"

Ó gbẹ́ ihò mìíràn. Ó na ọwọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á máa bá ara wọn jà sí omi. Ọ̀kan ló ń dúró dáadáa. Ẹ wo tèmi."

"Tìrẹ ni tìrẹ," ó ní. "Báyìí ni mo ṣe ń gbin nǹkan. Fún mi ní ìkejì."

Mo ń kùn, mo ń fún un. Wàláì, ó dùn mí. Ènìyàn á fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́ni, wọ́n á sì bà á jẹ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo wá wo ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀ tí mo rí i pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ṣe wà, méjì méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewúro rẹ̀. Mo ní àṣà àgbàlagbà ni, mo gbàgbé rẹ̀. Wọn kò sì bá ara wọn jà sí omi bí mo ti rò. Wọ́n mú, wọ́n dí, nígbà tí òjò tún fi yípo dé, wọ́n ti ga dé èjìká mi.

Èmi náà kò yéé fọ́nnu. Nígbà tí ti ààlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, mo kó o pọ̀ mọ́ tèmi. "Ẹ wo ọgbà mi bó ṣe yí ilẹ̀ ká." Ta ló ní kí n máa ṣàlàyé ọwọ́ ta ló wọ ilẹ̀? Màmá gbọ́, ó kàn mi orí, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹnu òfòrò ló ń pa òfòrò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ariwo Màmá ni mo gbọ́. Àwọn lébìrà ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun wọ inú ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti wú nínú òdòdó náà, wọ́n kó o dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbòǹgbò rẹ̀ dojú kọ oòrùn. Màmá dúró sínú ihò ìpìlẹ̀ náà, ó ní bí wọn yóò bá da kọnkéré, kí wọ́n dà á lé òun lórí.

Wọ́n pe àwọn àgbà àdúgbò. Wọ́n gbé àga sí abẹ́ igi odán agboolé, olórí àdúgbò jókòó sí àárín. Ọkùnrin olówó náà wọ agbádá, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún Màmá. Ó ní ṣùgbọ́n pẹ̀rẹ́gún ni gbogbo ayé mọ̀ sí ààlà, kò sì sí pẹ̀rẹ́gún níbẹ̀. Òdòdó tó wà níbẹ̀, ti alágbàfọ̀ ni.

"Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yìí," ó ní. "Ọgbà Ìyàwó Káfíńtà ni gbogbo wa ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ pé òun ló gbìn ín. Àlejò kò lè gbin ààlà fún onílé. Àlejò kan fi òdòdó ṣe ọ̀ṣọ́ síbi tó wù ú ni."

Gbogbo ojú yí sí mi. N kò tíì gbọ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu mi dún bẹ́ẹ̀ rí. Mo wo Màmá. Ìbínú ti kúrò lójú rẹ̀, ohun tó kù níbẹ̀ ni ìbẹ̀rù, ìbẹ̀rù ọmọ tí ó ti rí i tí oko bàbá rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi, bí inú bá sì bí mi, n kì í gbọ̀n.

Mo dìde. Ọkùnrin náà ní, "Àlejò ni o, ẹ̀yin bàbá. Kí ló mọ̀ nípa ilẹ̀?"

Màmá kò gbé ohùn sókè. "Ọmọ ulé mi ni," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ á di ọṣẹ, a máa ń pa á lówe, ó sì yẹ kí alágbàfọ̀ mọ̀ ọ́n jù. N kò mọ̀ pé mo ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, mo dá a dúró, nítorí ẹni tó ń sunkún kì í lè ro ẹjọ́.

Mo kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, òótọ́ ni pé mo ń fọ́nnu. Èyí tó wà níwájú ilé, èmi ni mo gbìn ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo ìdí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fi sínú ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì dagẹ̀rẹ̀. N kì í gbìn ín lọ́nà mìíràn." Lẹ́yìn náà, mo lọ síbi tí wọ́n da èyí tí wọ́n wú sí, mo gbé ọ̀kan, ó wúwo, mo gbé e wá síwájú wọn. Igi méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n dúró ṣánṣán, gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra débi pé ènìyàn kò lè yà wọ́n. "Ẹ wo èyí. Ẹ wo gbogbo èyí tó wà ní ojú ààlà títí dé ẹ̀yìn. Méjì méjì ni. Ẹ wá lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná Màmá, kí ẹ wo ẹ̀gẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo ewúro rẹ̀. Ta ló tún ń gbin nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yìí? Èmi ni mo gé ẹ̀ka. Ọwọ́ onílé ló wọ ilẹ̀. Mo tilẹ̀ bá a jà lórí rẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ wò ó. Àgbàlagbà ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá ya ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń wo ìdí òdòdó. Wọ́n lọ wo tèmi, wọ́n lọ wo ẹ̀gẹ́. Nígbà tí wọ́n padà, ọkùnrin olówó náà ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Olórí àdúgbò kò jókòó. Ó sọ fún un pé kó di ihò rẹ̀, kó sì fa ìpìlẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn òdòdó.

Àwọn ènìyàn ti ń tú ká nígbà tí ó yíjú sí Màmá, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń jẹ lọ́kàn.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì, Màmá?"

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì dọ̀tí láti inú ihò náà, ó ń wò ó.

"Méjì ni mo bí," ó ní. "Ọ̀kan lọ ní àárọ̀, ìkejì tẹ̀lé e kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú ihò kan náà ni a tẹ́ wọn sí. Láti ìgbà náà, n kò lè fi ọ̀kan sínú ilẹ̀ kí n fi í sílẹ̀ ní òun nìkan."

Olórí àdúgbò ṣí fìlà rẹ̀. Èmi, tí ẹnu mi kì í gbófo, omi ni mo lọ bù wá kí Màmá fi fọ ọwọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ṣì tutù, mo mú ọ̀bẹ, mo gé ẹ̀ka láti fi dí ibi tí wọ́n ti wú òdòdó náà. Màmá wá bá mi níbẹ̀. Kò mú ọkọ́ wá, nítorí náà èmi ni mo gbẹ́ ihò. Mo fi ẹ̀ka kan sínú rẹ̀. Mo na ọwọ́ sínú agbọ̀n, mo mú ìkejì, mo fi tì í. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.